Tíráòtì Nínú Omi Gbígbóná: Àkọsílẹ̀ Ìṣẹ̀lẹ̀ Ọ̀sìn Ẹja Kan ní Gúúsù Kwara

Ní ìparí oṣù kẹsàn-án ọdún kan, nígbà tí òjò ṣì ń rọ̀ dáadáa, bàbá kan tó ti lé ní ẹni ọdún márùndínláàádọ́rin wá bá mi ní Ìlọrin, òun àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin. Ọmọ Ìgbómìnà ni, láti ìlú kan tí kò jìnnà sí Òmù-Àrán. N kò ní dárúkọ ìlú náà, n kò sì ní dárúkọ òun fúnra rẹ̀. Alàgbà ni màá máa pè é níhìn-ín, bí mo ṣe ń pè é lójúkorojú. Òun ló ní kí n kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, nítorí ó dá a lójú pé òun kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́ tí irú èrò bẹ́ẹ̀ wá sí lọ́kàn, òun kò sì ní jẹ́ ẹni ìkẹyìn.

Nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún ni Alàgbà fi ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Skọ́tlándì, níbi tí wọ́n ti ń la ẹja sámọ́ọ̀nù àti tíráòtì, tí wọ́n ń fi iyọ̀ ra á, tí wọ́n sì ń fi èéfín gbẹ ẹ́. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó kó owó rẹ̀ wálé, ó sì pinnu pé ẹja tó bọ́ òun nílẹ̀ àjèjì ni òun máa fi ṣiṣẹ́ nílé. Ó fẹ́ máa sin tíráòtì, kó máa fi èéfín gbẹ ẹ́, kó sì máa tà á fún àwọn òtẹ́ẹ̀lì ní Ìlọrin, Àbújá àti Èkó. Kó tó dé ọ̀dọ̀ mi, ó ti gbẹ́ bóòhóòlù, ó ti kọ́ pọ́ńdì oníbíríkì mẹ́rin, ó ti ra jẹnẹrétọ̀, ó sì ti ń lépa ìwé àṣẹ ìjọba láti kó ẹyin ẹja wọlé láti ọdún tó ṣáájú. Ohun tó kù tó ń fẹ́ lọ́wọ́ mi kò ju pé kí n bá òun mójú tó pípa ẹyin náà lọ, nítorí pípa ẹyin àrọ̀ àti títọ́ ọmọ rẹ̀ ni iṣẹ́ tí mo ti ń ṣe láti bí ogún ọdún.

Alàgbà mọ tíráòtì. Bó bá fi àtàǹpàkò tẹ ẹran rẹ̀ báyìí, á sọ iye ọjọ́ tí wọ́n ti pa á, á sì sọ bóyá wọ́n tètè fi yìnyín sí i. Ṣùgbọ́n òkú ẹja ló mọ̀. Ní gbogbo ọgbọ̀n ọdún yẹn, ààyè rẹ̀ kò kọjá lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Èmi ní tèmi mọ ààyè ẹja, àmọ́ ẹja inú omi gbígbóná ni. Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ẹnì kọ̀ọ̀kan wa pẹ̀lú ìdajì ìmọ̀, a kò sì tètè rí i pé ìdajì méjèèjì kò bá ara wọn pàdé níbì kan.

Ó yẹ kí n sọ díẹ̀ nípa ẹja yìí fún àwa tí a kò sìn ju àrọ̀ àti ẹpìyà lọ. Salmonidae ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ fún ìdílé náà. Inú rẹ̀ ni sámọ́ọ̀nù Òkun Àtìláńtíìkì wà, àti àwọn sámọ́ọ̀nù Òkun Pàsífíìkì, àti oríṣiríṣi tíráòtì, pẹ̀lú àwọn ìbátan wọn bí i char, grayling àti whitefish. Àmì kan tí wọ́n fi ń dá wọn mọ̀ ni lẹ́bẹ́ kékeré kan tó rọ̀, tí kò ní egungun, tó wà lẹ́yìn wọn láàárín lẹ́bẹ́ ẹ̀yìn àti ìrù. Ẹni tó bá ti sin Heterobranchus, àrọ̀ ńlá tiwa, ti rí irú lẹ́bẹ́ ọlọ́ràá bẹ́ẹ̀ rí, àmọ́ ìbátan kò sí láàárín wọn. Apá àríwá ayé, níbi tí omi ti tutù, ni gbogbo ìdílé náà ti ṣẹ̀. Ní ilẹ̀ Áfíríkà, tíráòtì orí òkè Atlas ní Mòrókò àti Àlgéríà nìkan ni ẹja ìdílé yìí tó jẹ́ onílé. Èyí tó bá wà níbòmíràn, ènìyàn ló gbé e lọ síbẹ̀. Tíráòtì òṣùmàrè, Oncorhynchus mykiss, ni Alàgbà yàn, nítorí òun ni wọ́n ń sìn jù nínú àwọn tíráòtì, ara rẹ̀ sì le ju ti sámọ́ọ̀nù lọ nínú pọ́ńdì.

Ara tó le yìí ní ààlà. Omi tí ìwọ̀n ooru rẹ̀ wà láàárín 12°C sí 16°C ni tíráòtì òṣùmàrè ti ń jẹun dáadáa tó sì ń dàgbà. Bí omi bá ti kọjá 20°C, ìnira bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, oúnjẹ á máa kù nílẹ̀. Bó bá fi dé nǹkan bí 25°C, ikú ló ń rọ̀ dẹ̀dẹ̀. Ẹyin rẹ̀ tún ṣẹlẹgẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, nǹkan bí 10°C ló ń fẹ́.

Mo sọ gbogbo èyí fún Alàgbà lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ó ti mọ̀ ọ́n kí n tó sọ ọ́, ó sì ti ní èsì.

Ó ní, “Ọmọ mi, ṣé o mọ̀ pé wọ́n ń sin tíráòtì ní Kẹ́ńyà? Àárín gbùngbùn ayé gan-an ni Kẹ́ńyà wà, níbi tí oòrùn ti ń wà lókè orí ènìyàn. Bí wọ́n bá lè ṣe é níbẹ̀, kí ló dé tí a kò ní lè ṣe é ní Kwara?”

Mo ní, “Bàbá, òótọ́ lẹ sọ nípa Kẹ́ńyà. Ẹ jẹ́ ká wo ibi tí wọ́n ti ń ṣe é níbẹ̀.”

Òótọ́ ni pé nǹkan bí ọdún 1905 ni àwọn òyìnbó ti kó tíráòtì dé Kẹ́ńyà. Ṣùgbọ́n inú àwọn odò tó ń ṣàn bọ̀ láti orí òkè Kẹ́ńyà àti òkè Aberdare ni wọ́n kó wọn sí, ní agbègbè bí i Nyeri, tí ilẹ̀ rẹ̀ ga ju òkun lọ ní ohun tó lé ní 1,700 mítà, tí omi tó ń dé ibẹ̀ sì ti ibi tó tún ga jù bẹ́ẹ̀ lọ wá. Ìlọrin kò ga ju òkun lọ ní ju nǹkan bí 300 mítà. Agbègbè Òmù-Àrán tó dà bíi pé òkè ló wà kò tó 600 mítà. Bí a bá gòkè ní 1,000 mítà, afẹ́fẹ́ a máa fi nǹkan bí 6°C tutù sí i. Gíga ilẹ̀ ló jẹ́ kí tíráòtì gbé Kẹ́ńyà. Bí oòrùn ṣe jìnnà sí kò kàn án. Alàgbà gbọ́ mi títí dé òpin, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì ní ẹni tó bá fẹ́ jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

A jọ lọ wo omi. Ní ẹ̀yìn ìlú náà, omi kan ń jáde lábẹ́ àpáta, àwọn igi ńlá sì ṣíji bò ó. Alàgbà ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó ki ọwọ́ bọ omi náà títí dé ìgúnpá, ó sì di ojú rẹ̀ pé, “Omi Skọ́tlándì rèé.” Òógùn ń ṣàn lójú wa nígbà náà, ọ̀sán gangan ni, ọwọ́ tó gbóná kò ní ṣe kó má rí omi náà bí omi tútù. Mo so tẹmómítà mọ́ okùn, mo sọ ọ́ sínú omi, mo fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. 24°C ló kà. Omi bóòhóòlù kà 27°C ní òwúrọ̀, ó kà 27°C ní ọ̀sán, ó sì kà 27°C ní alẹ́. Kò sí ohun ìyanu níbẹ̀: omi abẹ́ ilẹ̀ kì í jìnnà sí ooru tí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ń ní bí a bá kó ti ọdún kan jọ tí a sì pín in dọ́gba, yálà ìgbà òjò ni o tàbí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹni tó bá gbẹ́ bóòhóòlù sí ìpínlẹ̀ wa tó ń retí omi 14°C, ohun tí ilẹ̀ kò ní ló ń bèèrè lọ́wọ́ ilẹ̀.

Ibi tó yẹ kí n ti sọ pé rárá nìyẹn. N kò sọ ọ́. Ohun tí mo sọ ni pé kí a fi díẹ̀ dán an wò. Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ ni ọyẹ́. Mo mọ̀ pé bí ọyẹ́ bá mú ní oṣù kejìlá àti oṣù kìn-ín-ní, omi tó wà nínú pọ́ńdì tí kò ní òrùlé máa ń tutù dé 20°C nígbà tí ilẹ̀ bá ń mọ́, mo sì rò pé bí a bá fi ẹ̀rọ ran ọyẹ́ lọ́wọ́, a ó lè mú àwọn ọmọ ẹja náà kọjá ibi tí wọ́n ti ṣẹlẹgẹ́ jù. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọ̀sẹ̀ mélòó ni ọyẹ́ ń lò ní Kwara? Tíráòtì máa ń gbà tó ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó tó tà. N kò bi ara mi ní ìbéèrè yẹn. Ìtara Alàgbà ti wọ̀ mí lára, mo sì fẹ́ fi ojú ara mi rí ẹyin tíráòtì.

Ìwé àṣẹ jáde ní oṣù kọkànlá, pẹ̀lú àdéhùn pé ẹyin náà gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí pé kò ní àrùn, àti pé ẹja kankan kò gbọ́dọ̀ bọ́ sínú odò. Àdéhùn kejì yẹn, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má fojú kékeré wò ó. Lótìítọ́, odò tiwa gbóná jù fún tíráòtì, ṣùgbọ́n níbi tí omi ti bá a lára mu, bí i àwọn odò orí òkè ní South Africa, ó ti jẹ àwọn ẹja onílé run ní ọ̀pọ̀ ibi.

Ẹyin 5,000 ló dé Èkó lọ́jọ́ kejì oṣù kejìlá, nínú àpótí fóòmù, lórí àwọn àwo onihò tí wọ́n tò léra, tí yìnyín wà lókè tí omi rẹ̀ sì ń kán sílẹ̀ lé wọn lórí. Ẹyin tó ti ní ojú ni wọ́n máa ń kó rìnrìn àjò, nítorí pé ó ti le díẹ̀ nígbà náà. Àbúrò Alàgbà wa ọkọ̀ láti Èkó gba Ìbàdàn àti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Ìlọrin lóru, ó sì ń dúró lójú ọ̀nà láti ra yìnyín kún un. Nígbà tí a ṣí àpótí náà ní agogo márùn-ún ìdájí, mo gbé tọ́ọ̀ṣì lé e lórí. Ẹyin kọ̀ọ̀kan tó bí hóró ẹ̀wà kékeré, ó pupa rẹ́súrẹ́sú bí omi epo, ààmì dúdú méjì sì wà nínú rẹ̀. Ojú ni. Bí iná tọ́ọ̀ṣì náà bá kàn án, ọmọ inú rẹ̀ á yí padà. Mo ti pa ẹyin àrọ̀ tí n kò lè ka iye rẹ̀, n kò rí ẹyin tó wò mí báyìí rí.

Nǹkan bí 700 nínú wọn ti funfun, èyí tó túmọ̀ sí pé wọ́n ti kú. A yọ ìwọ̀nyẹn sọ́tọ̀ kí èbu má baà ran àwọn tó kù. Inú yàrá kan tí a fi fóòmù bo ògiri rẹ̀ la ti to táńkì kéékèèké méjì, omi inú wọn kò ju 600 lítà lọ. Omi náà ń yípo gba inú páìpù tí a ká sínú fírísà ńlá méjì, ó sì ń gba inú ike tí a fi òkúta wẹ́wẹ́ àti fóòmù sẹ́ ẹ. Nígbà tí iná bá lọ, a ń sọ píọ̀ wọ́tà dídì sínú táńkì pẹ̀lú ọ̀rá rẹ̀, kí omi ẹ̀rọ má baà kún un. A di omi náà mú sí 11°C.

Iye ọjọ́ tí ẹyin tíráòtì ń lò kó tó pa kò dúró sójú kan, ooru ló ń pinnu rẹ̀. Bí a bá fi ìwọ̀n ooru omi lójoojúmọ́ ro ara wọn, nígbà tí àròpọ̀ náà bá wà láàárín 300 sí 350 ni ẹyin ń pa; ìyẹn ni pé nínú omi 10°C, ó máa ń lé ní ọgbọ̀n ọjọ́. Èyí tí wọ́n kó wá fún wa ti lo ju ìdajì lọ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ní ọjọ́ kẹtàlá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pa, bí 3,600 wọn sì pa. Ọmọ tíráòtì kì í wẹ̀ lọ́jọ́ tó bá pa. Ó ń dùbúlẹ̀ sísàlẹ̀ omi pẹ̀lú àpò oúnjẹ tó so mọ́ ikùn rẹ̀, ó sì ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kìn-ín-ní, wọ́n gbéra nílẹ̀, wọ́n ń wẹ̀, wọ́n sì ń gba oúnjẹ. Ayọ̀ Alàgbà lọ́jọ́ náà kò ṣeé fẹnu sọ. Ó ya fọ́tò wọn ránṣẹ́ sí àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní Skọ́tlándì. Èmi pàápàá bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé bóyá n kò mọ ohun tí mo ń sọ tẹ́lẹ̀.

Ọyẹ́ ló ń tàn wá. Ní gbogbo oṣù kìn-ín-ní, afẹ́fẹ́ òru ń tutù, iṣẹ́ fírísà kò sì pọ̀. Àwọn ọmọ ẹja ń dàgbà, wọ́n ń jẹun sí i, wọ́n ń yàgbẹ́ sí i, omi ń bàjẹ́ kíákíá. A ní láti kó wọn lọ sí táńkì 1,000 lítà, a sì ní láti máa pààrọ̀ apá kan omi náà lójoojúmọ́. Omi tí a sì ń fi pààrọ̀ rẹ̀, 27°C ló ń jáde wá.

Láàárín àkókò yìí ni ìyá kan tó ń ta ẹja dídì ní Òmù-Àrán, ẹni tí a ń ra yìnyín lọ́wọ́ rẹ̀, béèrè ọ̀rọ̀ kan. Ó ti rí i pé yìnyín tí a ń rà ti di ìlọ́po mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó kí Alàgbà tìyìntìyìn, ó kúnlẹ̀, ó wá ní, “Ẹ má bínú o, Bàbá. Irú ẹja wo lẹ̀ ń sìn tó ń jẹ yìnyín ju oúnjẹ lọ? Èló lẹ máa wá tà á?” Alàgbà dá a lóhùn pé ẹja olówó iyebíye ni. Èmi náà wà níbẹ̀, mo gbọ́ ìbéèrè náà, mo sì jẹ́ kó kọjá. Nígbà tí mo wá ń ṣe ìṣirò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ìbéèrè ìyá yẹn gan-an ni mo ń fi nọ́ńbà dáhùn.

Nínú oṣù kejì, ọyẹ́ lọ. Ìwé tí olùtọ́jú wa, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń mójú tó àwọn ẹja náà, ń kọ ìwọ̀n ooru sí wà lọ́wọ́ mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Ìwọ̀n ọ̀sán fún ọjọ́ mẹ́wàá tó ṣáájú àjálù náà lọ báyìí: 16, 16, 17, 17, 18, 18, 19, 20, 20, 21. Ní ẹ̀gbẹ́ ọjọ́ keje, ọ̀dọ́mọkùnrin náà fi bírò pupa kọ ọ́ pé, “Wọn kò jẹun tán.” Ó pè mí lórí fóònù lọ́jọ́ náà, mo sì lọ. Àwọn ọmọ ẹja náà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò ju ọmọńdinrín ọwọ́ lọ, ti kó ara wọn jọ sí ibi tí omi tútù ti ń wọlé, gbogbo wọn kọ ojú sí ibì kan náà. Mo wọ́n oúnjẹ sí omi; ó ń rì lọ́kọ̀ọ̀kan gba iwájú ẹnu wọn, kò sí èyí tó yà sí i. Ìdérí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn ń ṣí ó ń pa kíákíá. Mo ní kí wọ́n dín oúnjẹ kù, kí wọ́n sì fi yìnyín kún un. Oògùn ọjọ́ kan ni mo fún àìsàn oṣù mẹ́wàá.

Ní òru ọjọ́ kẹwàá, iná lọ ní nǹkan bí agogo mẹ́sàn-án. Jẹnẹrétọ̀ ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan, ó dákẹ́, kò sì ṣíṣẹ́ mọ́. Olùtọ́jú da gbogbo yìnyín tó wà nílẹ̀ sínú omi, ó sì ń fi igbá bu omi sókè, ó ń dà á padà, kí atẹ́gùn lè wọ̀ ọ́, títí apá rẹ̀ fi kọ̀. Nígbà tí mo débẹ̀ ní òwúrọ̀, omi wà ní 24°C, ọ́síjìn inú rẹ̀ kò ju 3 mílígíráàmù nínú lítà kan lọ, bẹ́ẹ̀ tíráòtì kì í fẹ́ kó dín sí 6. Bí 2,100 ẹja ló wà níbẹ̀ lálẹ́ àná. Mo ka èyí tó ń mí, wọn kò pé ogójì. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, kò ku ọ̀kan. Alàgbà jókòó sórí àga kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ táńkì náà, kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́.

Àwọn ará ilé dá ọ̀dọ́mọkùnrin náà lẹ́bi. Wọ́n ní ó yẹ kó ti yẹ jẹnẹrétọ̀ wò tẹ́lẹ̀, wọ́n sì fẹ́ lé e lọ. Mo tako èyí níṣojú gbogbo wọn, mo sì tún ń tako ó níhìn-ín, nítorí pé irú ẹjọ́ yìí ló máa ń jẹ́ kí àwa tí a wà nídìí iṣẹ́ yìí má rí òkodoro. Mo gbé ìwé ìwọ̀n ooru náà síwájú wọn, mo fi ìka tọ́ka sí bírò pupa. Ẹja náà ti kọ oúnjẹ fún ọjọ́ mẹ́rin kí jẹnẹrétọ̀ tó dákẹ́. Omi ń fi dígírì kan gbóná sí i ní ọjọ́ méjì-méjì pẹ̀lú fírísà méjì tó ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán tòru. Ká ní jẹnẹrétọ̀ náà kò bàjẹ́, inú oṣù kẹta, tí ooru ń mú jù lọ́dún, ni à bá sin wọ́n.

Ohun tó pa wọ́n lóru ọjọ́ yẹn jẹ́ méjì tó so kọ́ra. Omi tó wà ní 10°C lè gba ọ́síjìn tó nǹkan bí 11 mílígíráàmù sínú lítà kan. Bí omi náà bá gbóná dé 28°C, kò lè gbà ju nǹkan bí 8 lọ. Bí omi ṣe ń gbóná tí ọ́síjìn inú rẹ̀ ń dín kù, bẹ́ẹ̀ gan-an ni ẹ̀jẹ̀ ẹja ń yára sí i, tó ń fẹ́ ọ́síjìn púpọ̀ sí i. Àrọ̀ tiwa bọ́ nínú èyí nítorí ó ní ẹ̀yà ara kan lókè ibi tó ń gbà mí, tó rí bí ẹ̀ka igi pupa kéékèèké, èyí tó fi ń gba afẹ́fẹ́ tààrà bó bá yọ ẹnu sójú omi. Ìdí nìyẹn tó fi lè wà láàyè nínú bàsíà ní ọjà láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Tíráòtì kò ní irú rẹ̀. Omi nìkan ló ń gbà mí.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Alàgbà sọ pé òun fẹ́ ra ẹ̀rọ ńlá tó ń mú omi tutù, kí a tún un ṣe. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fún mi ní alẹ́ kan. A jókòó ti tábìlì òun, ìyàwó rẹ̀ àti àbúrò rẹ̀, mo mú pẹ́ńsù àti ìwé. Ìlànà tí àwọn ọlọ́sìn tíráòtì ń tẹ̀ lé ni pé omi tuntun tó ń wọlé ní lítà kan láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan lè gbé nǹkan bí 100 kílò ẹja lọ́dún. Lítà kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan, 86,400 lítà ni láàárín ọjọ́ kan. Láti mú un tutù láti 27°C sí 15°C, ooru tí a ní láti yọ kúrò nínú rẹ̀ lójúmọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílówáàtì-wákàtí 1,200. Ẹ̀rọ tó dára lè fi iná tó jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́ta iye yẹn yọ ọ́, ìyẹn nǹkan bí 400 kílówáàtì-wákàtí iná lójoojúmọ́. Fíríìjì ilé kan kì í jẹ ju bí ọ̀kan tàbí méjì lọ lójúmọ́. Iná tó lè gbé igba fíríìjì, lójoojúmọ́, nítorí 100 kílò ẹja lọ́dún. Mo fi ilà sábẹ́ rẹ̀. Mo sọ fún un pé àwọn kan níbòmíràn ń lo ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi kan náà lò léraléra, tí omi tuntun tí wọ́n ń fi kún un kò fi tó nǹkan, ìyẹn sì ń dín iná kù gan-an. Ṣùgbọ́n irú ilé bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ pàdánù iná fún wákàtí kan, owó kíkọ́ rẹ̀ sì ju gbogbo ohun tí Alàgbà ní lọ.

Àbúrò rẹ̀ béèrè nípa orí òkè Mambilla ní ìpínlẹ̀ Taraba, níbi tí ilẹ̀ ti ga tó sì tutù. Ìyàwó Alàgbà ní òun kò tún ní bá ẹnikẹ́ni lọ sí ìlú àjèjì mọ́, ọ̀rọ̀ náà sì parí síbẹ̀. Alàgbà mú ìwé náà, ó tún ìṣirò náà ṣe lọ́wọ́ ara rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó gbé pẹ́ńsù sílẹ̀. Ó ní, “Ìyá ẹlẹ́ja ti bi mí.”

Láti ìgbà náà, ọ̀nà tí mo ń gbà gba ẹni tó bá wá sọ́dọ̀ mi ti yàtọ̀. N kì í gba owó ìmọ̀ràn kí tẹmómítà tó wà nínú omi oníbàárà fún ọjọ́ méje, kí a kà á ní ìdájí, ní ọ̀sán àti ní alẹ́, mo sì ń bi wọ́n ní oṣù kẹta kí n tó gbọ́ ti oṣù kìn-ín-ní, nítorí oṣù tó burú jù ló ń sọ bóyá ẹja máa yè. Mo ń ṣe ìṣirò iná níwájú oníbàárà pẹ̀lú nọ́ńbà tirẹ̀. N kì í sì pe ohunkóhun ní ìdánwò mọ́ àyàfi bí a bá ti kọ sílẹ̀ ṣáájú ohun tó máa mú kí a dá a dúró. Ká ní a ti kọ ọ́ lójú ìwé àkọ́kọ́ pé bí omi bá kà 18°C fún ọjọ́ méjì léraléra a ó dáwọ́ dúró, a kì bá ti jìyà òru yẹn. Fún ẹ̀yin tí ẹ bá ní olùtọ́jú, ẹ fún un ní bírò pupa, kí ẹ sì máa ka ohun tó bá fi kọ.

Pọ́ńdì mẹ́rin náà kò ṣòfò. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ṣì wà níbẹ̀, a sì gbé àrọ̀ wọ ibẹ̀ nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀. Alàgbà ní òun fẹ́ pa ẹyin fúnra òun, nínú yàrá kan náà tí a ti bo ògiri rẹ̀, láìsí fírísà. Mo bá a da ẹyin sórí àwọ̀n ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, omi wà ní 28°C, mo sì padà sí Ìlọrin. Ó kọ nọ́ńbà náà sínú ìwé àtijọ́ yẹn, ó gbé àga rẹ̀ ti táńkì, ó sì múra sílẹ̀ de ọ̀sẹ̀ púpọ̀ bó ṣe mọ̀ ọ́n. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, fóònù mi dún. Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó ní, “Ọmọ mi, wọ́n ti ń pa o! Wákàtí mẹ́rìnlélógún kò tíì pé, wọ́n ti ń jáde, wọ́n dúdú bí èérà.”